Mo fẹ́ ṣe táńkì omi òkun ńlá sínú ògiri ilé, ẹ bá mi dá sí i kí n tó lu ògiri

Onílé_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún keje rèé tí mo ti ń sin ẹja omi òkun, táńkì lítà 200 ni mo ní, iyùn rírọ̀ díẹ̀ (ẹ̀dá òkun tó ń dì mọ́ òkúta, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹja clownfish méjì tó jẹ́ pé tí mo bá ti ki ọwọ́ bọ omi báyìí, abo ẹ̀ á bù mí jẹ. Ní báyìí mo fẹ́ ṣe ńlá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká wó apá kan ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá kan tí a ò lò, kí táńkì wọ ibẹ̀, kó jẹ́ pé láti pálọ̀ àti láti yàrá kejì lèèyàn á ti máa wò ó bíi fèrèsé. Mítà mẹ́ta ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 90 ní gíga, 75 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ṣírò ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní lítà 2000. Iyùn líle ni mo fẹ́ tọ́jú síbẹ̀, àwọn tó ń yọ ẹ̀ka yẹn. Kí lẹ rí tí èmi ò rí?

Bíríkìlà_Ẹlẹ́ja
Ọ̀gá mi, ẹ má tíì gbé òòlù o. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe, ẹja ni mo fi ń gbafẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí níbẹ̀. Lítà omi òkun kan fi díẹ̀ wúwo ju kílò kan lọ, omi yín nìkan á tó nǹkan bíi kílò 2,075, gíláàsì tó nípọn mílímítà 19 á tún fi ohun tó lé ní 400 kún un, ká má tíì dárúkọ òkúta, iyanrìn àti ìjókòó tí táńkì máa wà lórí ẹ̀, ẹ ti ń lọ sí tọ́ọ̀nù mẹ́ta nìyẹn, lórí ilẹ̀ tí ò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni, tí ilẹ̀ jẹ́ kọnkéré tí wọ́n dà sórí erùpẹ̀ tó ti dì dáadáa, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí ilẹ̀ pákó tí igi gbé dúró, ẹ pe ẹnjiníà tó mọ ìdúró ilé kó wá ṣírò ẹ̀ lórí ìwé, kì í ṣe kó kàn fẹsẹ̀ kilẹ̀ kó ní "ó le". Tó bá sì jẹ́ igi ló gbé ilẹ̀, kí táńkì dábùú àwọn igi yẹn, kó má tẹ̀ lé gígùn wọn, kí ẹrù má bàa wà lórí ẹyọ igi kan.

Ògiri yẹn ńkọ́, ṣé òun ló gbé òrùlé ni àbí ògiri pín-yàrá lásán? Tó bá gbé nǹkan, wọ́n á kọ́kọ́ ki òpó bọ abẹ́ àjà, wọ́n á fi líńtẹ́ẹ̀lì sókè, ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan. Ohun tí mo ti fojú ara mi rí rèé, ẹnì kan kọ́ pátákó láti òkè wá gúnlẹ̀ sórí etí táńkì kó lè dà bíi pé kò sí àlàfo, nígbà tí igi wú tó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, igun gíláàsì sán. Kí ògiri dá dúró, kí táńkì náà dá dúró lórí ìjókòó tiẹ̀, kí àlàfo tó tó ìbú ìka kan yí wọn ká, férémù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa fi bo àlàfo yẹn, kò sì gbọdọ̀ gbé nǹkan kan.

Ìyá_Iyùn
Àbúrò, lọ mú rúlà, na ọwọ́ ẹ, kó o wọ̀n ọ́n láti abẹ́ apá dé orí ìka. Mo mọ̀ pé kò lè tó 90, tèmi ò tiẹ̀ tó 70. Táńkì mi àkọ́kọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, tí iyùn bá ti já bọ́ sísàlẹ̀ báyìí, orí àtẹ̀gùn ni mo máa ń dọ̀bálẹ̀ sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á wà nínú omi, irun á wà nínú omi, ọmọ mi á sì dúró sẹ́yìn mi tí á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 60 ti tó o, tó o bá fẹ́ kó tóbi, mú kó fẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìbú ló ń jẹ́ kí òkúta dára tò, kì í ṣe gíga. Iná tó máa dé ìsàlẹ̀ 90 kó sì tó iyùn líle, owó ńlá ni, bí omi bá ṣe jìn tó náà ló ṣe máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó.

Ti ojú méjèèjì yẹn, jọ̀ọ́, gbàgbé ẹ̀. Páìpù, pọ́ńpù, wáyà, ibo lo fẹ́ kó wọn sí? Gbogbo òkúta tó o bá tò, ẹnì kan ṣáà máa wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹja pàápàá fẹ́ ibi tó lè sá sí tí ojú ò tó. Ojú kan sí pálọ̀, kí yàrá ẹ̀yìn jẹ́ yàrá iṣẹ́ pátápátá.

Onílé_Tuntun
@Ìyá_Iyùn ọwọ́ mi jẹ́ 66 😂 ẹ ṣeun mà. Àmọ́ ojú méjèèjì yẹn gan-an ló ń wù mí látìgbà tí mo ti ń rò ó, ṣé kò sí ọ̀nà kankan?

Ìyá_Iyùn
Ọ̀nà wà. O máa rí i lọ́jọ́ kẹta, o máa kórìíra ẹ̀ lóṣù kẹta.

Ọ̀gá_Páìpù
Ìyá ti sọ òótọ́, ibi tí èèyàn tí ń bẹ̀rẹ̀ táńkì inú ògiri ni ẹ̀yìn ògiri, ẹja ló kẹ́yìn. Èmi á sọ ti páìpù, ẹ gbà mí láyè torí ọ̀rọ̀ mi gùn. Táńkì yẹn máa ní ihò lẹ́yìn tí omi ń gbà ṣàn lọ sínú sọ́ńpù, ìyẹn táńkì kejì tó wà nísàlẹ̀, pọ́ńpù á dá a padà sókè. Ihò yẹn, kí àwọn tó ń ṣe táńkì lu ú fún ẹ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, kó o sì béèrè gíláàsì wo ni wọ́n lò, torí gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le, tí a ń pè ní tempered, kò ṣeé lu, bí ẹ̀rọ bá ti kàn án gbogbo ẹ̀ á fọ́ wúruwùru bí ìyẹ̀fun. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Páìpù mẹ́ta ni kó o lò fún omi tó ń sọ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní Bean Animal. Àkọ́kọ́ kún fọ́fọ́ fún omi, kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, ìyẹn ni kì í pariwo, fáàfù gate ni wàá fi wọn omi ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ (fáàfù bọ́ọ̀lù ò ṣeé yí díẹ̀, á kàn fò kọjá ibi tó o fẹ́). Ìkejì ń gba omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́kù. Ìkẹta gbẹ ni, kò ń ṣe nǹkan kan, ọjọ́ tí ìgbín bá lọ jókòó sí ẹnu àkọ́kọ́ ló máa gba ilé ẹ sílẹ̀, ìgbín á sì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan dandan, o lè fi asẹ́ bò ó o, á ṣì wá ọ̀nà.

Sọ́ńpù. Gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe é kéré jù. Tí iná bá lọ, pọ́ńpù á dúró, omi tó wà lójú táńkì lókè àti èyí tó wà nínú páìpù á máa sọ̀ kalẹ̀ títí omi òkè á fi bọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹnu páìpù, ibo ló ń lọ? Táńkì mítà mẹ́ta tó jẹ́ 75 ní ìbú, tí omi ẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré, lítà 67 nìyẹn. Fi àyè sílẹ̀ fún un nínú sọ́ńpù. Kí ẹnu páìpù tó ń dá omi padà má sì jìn wọ inú omi, torí tó bá jìn, òun fúnra ẹ̀ á fa omi padà sísàlẹ̀. Má gbára lé fáàfù tó ń dá omi dúró lójú ọ̀nà kan, ìdọ̀tí díẹ̀ báyìí kò ní jẹ́ kó pa ẹnu dé. Ọjọ́ tó o bá pọn omi sí i, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó o pa pọ́ńpù kó o sì dúró wò ó títí omi á fi dúró, kó o fi bírò fàlà síbi tó gòkè dé.

Gbogbo pọ́ńpù, union (ìsopọ̀ páìpù tó ṣeé fọwọ́ tú) lápá méjèèjì àti fáàfù. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ wàá rántí mi.

Ẹja_Lójú_Mi
Gíláàsì tàbí acrylic? Ẹ jọ̀ọ́, kí èmi náà gbọ́, torí ó pẹ́ tí mo ti ń wò ó.

Bíríkìlà_Ẹlẹ́ja
Acrylic fúyẹ́, ó sì mọ́ lójú, ẹ lè lu ihò sí i bó ṣe wù yín, àmọ́ tí èérún iyanrìn kan bá há sínú mágínẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń nu ojú ẹ̀, ó di àpá. Táńkì inú ògiri ò ṣeé gbé jáde fún títún ṣe, gíláàsì lèmi á mú, ojú iwájú nìkan kó jẹ́ èyí tí irin inú ẹ̀ kéré, tí ò ní àwọ̀ ewé. Ẹ tún béèrè bóyá mágínẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní tó nípọn gíláàsì yẹn, ti táńkì kékeré ò ní dì mọ́ ọn.

Ọ̀gá_Páìpù
Mi ò gbà. Acrylic ni mò ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án, àpá rẹ̀ ṣeé yọ nínú omi bí èèyàn bá ní sùúrù.

Bíríkìlà_Ẹlẹ́ja
Ẹ̀yin lẹ ní sùúrù, bàbá 🙏🏾

Ògiri_Tó_Ń_Làágùn
Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti ooru omi. Orúkọ mi ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Táńkì tó tó èyí lè pàdánù lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, pàápàá tí fáànù bá ń fẹ́ ojú omi. Nínú pálọ̀ gbangba kò jọ nǹkan, àmọ́ nínú yàrá kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ń wà ní pípa, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ sára ògiri. Oṣù kẹrin tí mo ṣe tèmi, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, bébà ògiri wú, nígbà tí mo fi máa ṣí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, dúdú ni gbogbo ẹ̀, ó ti hu, mo wá mọ ìdí tí ìyàwó mi fi ń sín láràárọ̀. Mo tú gbogbo pátákó yẹn, mo fi èyí tí omi ò lè bà jẹ́ rọ́pò, mo fi ọ̀dà balùwẹ̀ kùn ún, mo wá fi fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde síta gbangba (kì í ṣe sínú àjà o), tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Kí ilẹ̀ yàrá yẹn jẹ́ táìlì, kó dagun díẹ̀ sí ojú ihò tí omi lè gbà jáde. Síǹkì náà ṣe pàtàkì. Ẹ ṣe é kí táńkì tó wọlé, lẹ́yìn náà kò ṣeé ṣe mọ́.

Nǹkan míì, omi ló ń lọ, iyọ̀ kì í lọ. Torí náà omi aláìníyọ̀ lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń dá a ṣe, tí á máa ti bọ́ọ̀lù tàbí ojú iná mọ ibi tí omi dé. Ẹ má so ó tààrà mọ́ páìpù omi ilé. Ẹ fi sínú àgbá tó jẹ́ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá ya wèrè tó da gbogbo ẹ̀ tán, sọ́ńpù ṣì gbà á, iyùn ò sì ní kú.

Wáyà_Ò_Dùn
Ti iná ní kúkúrú. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń já iná tí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn lọ sílẹ̀ sí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, omi iyọ̀ máa ń gbé iná ju omi lásán lọ. Kò gbọdọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì lókè sọ́ńpù. Wáyà kọ̀ọ̀kan kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé e lè kán sílẹ̀. Ìlà iná méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: pọ́ńpù tó ń dá omi padà sí ọ̀kan, àwọn tó ń ru omi inú táńkì sí ìkejì, kí ọ̀kan má já kí gbogbo ẹ̀ kú lóru. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná náà, méjì kéékèèké dáa ju ńlá kan lọ, torí wọn máa ń bàjẹ́ ní títàn sílẹ̀ láìkú, ńlá kan á se ẹja yín kẹ́ ẹ tó jí.

Tí iná bá lọ pátápátá, afẹ́fẹ́ inú omi ló kọ́kọ́ ń tán, ooru kò yára. Pọ́ńpù kékeré kan tó ń ru ojú omi lórí bátìrì tó o, ẹ ò nílò kí gbogbo táńkì máa ṣiṣẹ́.

Onílé_Tuntun
Orí mi ti ń gbóná. Ẹ má bínú, ẹ̀rọ skimmer, èyí tó ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí inú omi, àti iná ńkọ́? Omi gan-an ńkọ́?

Tíṣà_Kẹ́mísírì
Ó dáa tó o béèrè torí wọ́n ti fẹ́ sọ ẹ́ di kọngílá. Skimmer, ra èyí tó ṣe é fi sí táńkì tó ju tìẹ lọ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná LED, iyùn rírọ̀ máa ń gbé lórí PAR (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iyùn lè lò) 50 sí 150, ti iyùn líle tó ń yọ ẹ̀ka yẹn, 200 sí 350, yá mítà tó ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ní, má fojú wọ̀n ọ́n. Gbé iná yẹn kọ́ sórí ohun tó ṣeé fà sókè, kí ọwọ́ ẹ lè ráyè wọlé.

Omi: má fi omi ẹ̀rọ lásán po iyọ̀, klorínì àti bàbà tó bá wà nínú ẹ̀ á ṣe iyùn léṣe. Omi tí ẹ̀rọ RO/DI ti sẹ́ mọ́ pátápátá ni, kí mítà TDS, èyí tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi, kà á sí 0. Lítà kan máa ń gba nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀, tó bá jẹ́ lítà 1000 o mọ̀ pé kílò 35 nìyẹn, má dà á pọ̀ nínú táńkì tí nǹkan bá ti wà níbẹ̀, àgbá ọ̀tọ̀ ni, kó máa yí nínú ẹ̀ títí á fi mọ́ kedere, kó o wá wọn bó ṣe wúwo tó sí omi lásán: 1.025 sí 1.026. Ooru, dígírì 25 sí 26. Alkalinity (agbára omi láti má jẹ́ kí pH ẹ̀ ṣí kiri) 8 sí 9 lórí ìwọ̀n dKH, kálísíọ̀mù 400 sí 450, magnesium 1250 sí 1350, mílígíráàmù nínú lítà kan ni méjèèjì yìí. Àmọ́ gbọ́, èyí tó ń pa iyùn kì í ṣe pé alkalinity jẹ́ 7.8, èyí tó ń pa á ni pé ó jẹ́ 7.8 lánàá, ó di 9.5 lónìí torí o sáré da ògùn sí i. Bó bá lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kó o fi gbé e padà.

Kí ẹja tó wọlé, jẹ́ kí òkúta àti omi dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Amóníà á gòkè, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di náítráìtì, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di náítréètì. Bí amóníà àti náítráìtì bá di òdo, o lè mú ẹja kan wọlé. Kan. Kì í ṣe mẹ́jọ. Òkúta gbígbẹ ló wù mí jù torí kì í kó kòkòrò àjèjì wọlé, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó dàgbà ni, ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ burú lójú, àwọ̀ ewé á hù, ti búráùn á hù, fara dà á. Sì gbé òkúta náà lé ìsàlẹ̀ gíláàsì kó o tó da iyanrìn yí i ká, ẹja tó ń gbẹ́ ilẹ̀ á wú abẹ́ ẹ̀ bí o bá gbé e sórí iyanrìn.

Ìyá_Iyùn
Mo fẹ́ fi èyí sí i, ẹ má fò ó kọjá torí ó lè pa èèyàn. Iyùn tó ń jẹ́ zoanthid àti palythoa, àwọn bọ́tìnnì aláràbarà yẹn, òmíràn nínú wọn ní májèlé tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Ẹ má fi omi gbígbóná da òkúta tí wọ́n wà lára ẹ̀, ẹ má sè é, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì há a ní gbangba, ooru ẹ̀ ti gbé odidi ìdílé lọ sílé ìwòsàn láwọn orílẹ̀-èdè kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, abẹ́ omi ni kẹ́ ẹ ti gé e. Tí ọwọ́ yín bá ní egbò, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ míì.

Ẹja tuntun, táńkì ọ̀tọ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé. Àmì funfun kéékèèké tó ń dà bí iyọ̀ lára wọn, àrùn ich nìyẹn, bàbà ló ń wò ó, bàbà sì ń pa edé, ìgbín àti iyùn, torí náà kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè wò ó nínú táńkì ńlá. Bó bá wọ ibẹ̀, gbogbo ẹja ló máa jáde, ọ̀pọ̀ wa ń jẹ́ kí táńkì wà láìsí ẹja fún ọjọ́ 76. Àbúrò, wo táńkì inú ògiri kó o sọ fún mi bó o ṣe fẹ́ mú ẹja mẹ́wàá láàárín òkúta wọ̀nyẹn. Mo ti ṣe é rí, mo tú gbogbo òkúta.

Nẹ́ẹ̀tì sórí ẹ̀ náà o. Ẹja òkun ń fò. Lẹ́yìn ògiri lẹ máa bá a, ó ti gbẹ.

Ẹja_Lójú_Mi
Iyùn líle tí wọ́n bá kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìwé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹ̀dá inú ìgbẹ́ àti òkun, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìsọ̀rí kejì ẹ̀ ni wọ́n wà. Èyí tí wọ́n gé lára iyùn táńkì ẹni tó wà nítòsí ló rọrùn jù, ó sì ti mọ́ ọn lára láti gbé inú táńkì.

Onílé_Tuntun
Ẹ dúró, mo ti gba kámú. Mo tún un yà: mítà 2.4 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 75 ní ìbú, 60 ní gíga, lítà 1080. Ojú kan sí pálọ̀ (inú mi bàjẹ́ díẹ̀, kí n má purọ́). Ẹnjiníà wá, ògiri náà kì í ṣe èyí tó gbé òrùlé, ilẹ̀ sì gbà á. Yàrá ẹ̀yìn ti di ti ẹja, táìlì, ihò omi, síǹkì, fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Láti etí táńkì dé àjà, sẹ̀ǹtímítà 85 ni mo fi sílẹ̀, káfíńtà ní òun lè gé àjà kúrò síbẹ̀ kó tún ga. Férémù iwájú, mágínẹ́ẹ̀tì ló gbé e dúró, kí n lè yọ ọ́ tí mo bá fẹ́ nu etí gíláàsì.

Bíríkìlà_Ẹlẹ́ja
Ọ̀gá, ẹ ti ń gbọ́ràn jù, ẹ̀rù ń bà mí 😄 Omi lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pọn sí i, kó tó wọnú ògiri, ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, ẹ fi bébà tíṣù nu gbogbo etí sílíkọ́nù láràárọ̀.

Onílé_Tuntun
Mo tún dé o, oṣù márùn-ún ti kọjá. Táńkì lo ọjọ́ mẹ́wàá ní gáréèjì pẹ̀lú omi, kò kán. Èèyàn mẹ́jọ ló bá mi gbé e, a fi rọ́bà tó ń fà mọ́ ojú gíláàsì dì í mú, a ò tiẹ̀ mí. Union kan ló ń jò, mo ti gbàgbé láti fi rọ́bà ẹ̀ sí i, rọ́bà náà wà nínú àpò mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Fáànù ń ṣiṣẹ́, ògiri gbẹ.

Ọ̀gá_Páìpù
Pọ́ńpù, ṣé o ti pa á wò?

Onílé_Tuntun
Mo pa á bàbá. Omi gòkè nínú sọ́ńpù, ọkàn mi ń lù kìkì, ó ku ìka mẹ́rin kó dé etí, ó dúró. Mo ti fi bírò fàlà síbẹ̀.

Ọ̀gá_Páìpù
Lọ dì páìpù àkọ́kọ́ pẹ̀lú àkísà kó o tún wò ó.